Bí ẹ ṣe lè fi ike mínírà ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì yín

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé náà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí bí mo ṣe ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ Primary 5 mi máa ń yìn lọ́dọọdún, torí náà mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ibi tí mo ti ṣìṣe. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ni, kíláàsì mi máa ń tó ọmọ 30 sí 35, owó tá a sì fi ń ṣe é ò tó nǹkan rárá.

Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ mi tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gbàgbé ìyókù. Ẹ má yìn ín fún àwọn ọmọ wò. Àwọn ni kó gé e, àwọn ni kó lẹ̀ ẹ́, àwọn ni kó fa pọ́ǹpù, kí wọ́n sì yìn ín léraléra títí wọ́n á fi mọ ohun tó gbé e lọ àti ohun tó dá a dúró. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ yìn ín, tí gbogbo iléèwé pàtẹ́wọ́, tẹ́ ẹ palẹ̀ mọ́, idán lẹ pa fún wọn yẹn, ẹ ò tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí mò ń sọ yìí, omi àti afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà lè wọ ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí ilé iṣẹ́ ti dì tán, irú èyí tí wọ́n kọ A8-3 sí lára. Tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìtumọ̀ ẹ̀: lẹ́tà A ló ń sọ bí gbogbo agbára inú ẹ̀ ṣe tó (B lè tó ìlọ́po méjì A), 8 ni iye newton (ìwọ̀n ipá) tó fi ń tì í ní ìpíndọ́gba, 3 ni iye sẹ́kọ́ǹdù tó máa fi dúró lẹ́yìn tí iná bá kú kó tó ti páráṣúùtì jáde. Wáyà àti bátìrì ni wọ́n fi ń tàn án, èèyàn á sì fi mítà 5 jìnnà sí i, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n etù ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn o. Nílé níbí, etù kì í ṣe nǹkan tí tíṣà ń gbé wọ kíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ha orí ìṣáná, tàbí kẹ́ ẹ tú bángà ọdún Kérésì, kẹ́ ẹ wá kó o sínú páìpù. Ọmọ tó bá rí i lọ́wọ́ tíṣà máa lọ dán an wò lẹ́yìn ilé wọn, ìka àti ojú ló sì máa ń bá a lọ. Omi ò jó ẹnikẹ́ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá ẹrù. Ike mínírà ló yẹ, ìyẹn ẹlẹ́rìndòdò, kì í ṣe ike omi. Torí gáàsì tó wà nínú mínírà ni wọ́n ṣe ṣe ike yẹn kó le, ike omi fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ tá a fẹ́ fún sínú ẹ̀ lè fà á ya. 1.5 lítà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, lẹ́yìn ìnáwó Sátidé kan péré wọ́n á kó o dé débi tẹ́ ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ máa kó o sí. Ẹ gbé e yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀, èyí tó bá ti tẹ̀ tó ní ìlà funfun lára, tàbí tó ti ha, tàbí tó ti pẹ́ nínú oòrùn, ẹ yọ ọ́ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ẹ wá kọ́ọ̀kì. Kì í ṣe ìdérí tá à ń yí o, kọ́ọ̀kì ẹnu ìgò wáìnì ni mò ń wí, ẹ bá ọmọ ìjọ yín kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó sọ̀rọ̀, á rí i fún yín. Kọ́ọ̀kì yìí máa ń tóbi díẹ̀ ju ẹnu ike lọ, ẹ fi sáńpépà fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa wọlé pẹ̀lú agbára. Ẹ má fá a jù, tó bá ti lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ wá ra abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ bọ́ọ̀lù. Kọ́ọ̀kì gùn ju abẹ́rẹ́ lọ, ibí yìí ló ti máa ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á gún un títí, afẹ́fẹ́ ò ní jáde lápá kejì. Ẹ gé kọ́ọ̀kì náà kù sí nǹkan bí ìdajì, kẹ́ ẹ wá gún un láàárín gbọ̀ngbọ̀n, kẹ́ ẹ rí i pé ihò orí abẹ́rẹ́ yọ síta.

Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ la fi ń fẹ́ ẹ, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì fà. Rọ́bà ara ẹ̀ kúrú jù, ẹni tó ń fà á máa wà nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an ni, ìyẹn ò sì dáa. Èmi gbé tèmi lọ bá mẹkáníìkì, mo ní kó bá mi fi rọ́bà líle mítà 3 kún un, irú èyí tí wọ́n ń lò nídìí ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ó fi kílípù dè é lójú ìsopọ̀ méjèèjì. Ẹ má gbé ike yín lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn fẹ́ ẹ fún yín, agbára ẹ̀rọ yẹn pọ̀ ju ohun tí ike lè gbà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mójú tó o ó ti bẹ́. Tí pọ́ǹpù yín bá ní gééjì, ẹ má jẹ́ kó kọjá 60 psi (nọ́ńbà tí gééjì fi ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó) láé. Àwa ò débẹ̀ rí, kọ́ọ̀kì ti máa já kó tó débẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kọ́ọ̀kì ju gbogbo ẹ̀rọ ìyìn míì tí mo ti rí lọ.

Kẹ́ ẹ tó gé páálí kankan, ẹ fi ọjọ́ kan ṣàlàyé fún wọn. Èmi máa ń fẹ́ bàlúùnù, màá dì í lẹ́nu mú, màá wá jù ú sílẹ̀ láì so ó, yóò fò kiri kíláàsì, àwọn ọmọ á pariwo, màá wá bi wọ́n pé kí ló tì í. Wọ́n máa ń ní afẹ́fẹ́ ìta ló gbá a. Rárá o. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnì kan nínú wọn ní bàbá tàbí bàbá àgbà tó jẹ́ ọdẹ. Ìgbà gbogbo lọ́wọ́ ọmọ kan tàbí méjì máa ń na sókè, wọ́n á sì sọ fún yín fúnra wọn pé tí ọdẹ bá yìnbọn, ìdí ìbọn á gbá a léjìká. Ọta lọ síwájú, ìbọn wá sẹ́yìn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn, omi lọ sísàlẹ̀, ike lọ sókè. Afẹ́fẹ́ tá a fún pọ̀ sínú ike ló ń lé omi náà jáde, omi tó wúwo yẹn ló wá ń ti ike. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ padà fún yín lẹ́nu ara wọn kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni mo máa ń pín wọn sí, ike kan fún ẹgbẹ́ kan. Ẹnu ike ló máa wà nísàlẹ̀, ìdí ike ló máa di orí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí páálí ká bíi fìlà ṣóńṣó, kí wọ́n dé e lé ìdí ike, àwọn ọmọ mi ò tiẹ̀ pè é ní nǹkan míì ju fìlà lọ. Kí wọ́n tó dé e, kí wọ́n di iyanrìn ṣíbí ọbẹ̀ méjì sínú ọ̀rá kékeré kí wọ́n fi sínú fìlà, kí wọ́n wá lẹ fóòmù mọ́ ṣóńṣó orí ẹ̀ níta, torí orí yẹn ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀. A kì í fi òkúta tàbí irin sí i rárá.

Ìyẹ́ ló kàn, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nídìí lápá ibi tí ẹnu ike wà. Páálí Indomie dáa, ṣùgbọ́n omi máa ń rẹ ẹ́, ẹ fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ bò ó lójú méjèèjì kó tó di pé wọ́n gé e. Àárín ìyẹ́ kan sí èkejì gbọ́dọ̀ dọ́gba, ẹ fi òwú wọn ìbàdí ike, kẹ́ ẹ pín òwú náà sí mẹ́ta, ẹ ti ṣe mathematics ọjọ́ yẹn tán nìyẹn. Ìyẹ́ tó bá wọ́ máa jẹ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa pòòyì. Sẹ́lótéèpù nìkan ni kẹ́ ẹ fi lẹ gbogbo ẹ̀. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi iná yọ́, ooru ẹ̀ ń sọ ike di ọ̀lẹ lójú kan, ojú kan yẹn ló sì máa ti ya.

Ẹ gbọ́dọ̀ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí pápá. Ẹ so okùn mọ́ ọn lára níbi tó ti máa dúró gbọọrọ láì fì sí iwájú tàbí ẹ̀yìn, ike òfìfo ni o, kí tíṣà wá mú okùn náà kó máa fi í yí ká orí ara ẹ̀ níta gbangba. Tí fìlà bá ń ṣáájú, ó dáa. Tó bá jẹ́ ìdí ló ń ṣáájú, tàbí tó ń takìtì, iyanrìn orí ẹ̀ ò tó tàbí ìyẹ́ ẹ̀ kéré. Ọfà náà ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn, ẹ béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ pé orí ọfà ni irin wà tí kì í ṣe ìdí. Ẹgbẹ́ tí tiwọn ò bá yege, kí wọ́n padà lọ tún un ṣe, kì í ṣe tíṣà ló máa bá wọn tún un.

Pápá ní tiẹ̀, ibi tó gbòòrò ni, tí wáyà NEPA ò kọjá lókè ẹ̀, tí kò sí páànù ilé nítòsí, tí ọkọ̀ kì í gbà. Àárọ̀ ló dáa jù, atẹ́gùn ò tíì gbéra. Kí àwọn ọmọ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Ẹ ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní ìrísí àdìró, kó gùn tó apá, kí rọ́kẹ́ẹ̀tì lè dúró láàárín wọn kó má lè dojú kọ ibòmíì àfi òkè. Ẹ rí i pé ìyẹ́ ò há mọ́ igi. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mi ò ri igi kankan, bíríkì mẹ́ta ni mo kàn fi há a. Bí kọ́ọ̀kì ṣe ń já báyìí ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi ilẹ̀ wọ́ lọ sábẹ́ tábìlì ìyá tó ń din àkàrà lẹ́nu géètì. Epo gbígbóná wà lórí iná. Kò kan agbada, kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n mo lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá yẹn, ara mi ò sì balẹ̀ títí di alẹ́. Látìgbà náà, ìgbà tí mo bá ti fọwọ́ mi mi igi kọ̀ọ̀kan tí kò mì, ìgbà yẹn la máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ na okùn sílẹ̀ ní mítà 10 sí rọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo ọmọ á wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó ń fa pọ́ǹpù àti tíṣà nìkan ló ń kọjá okùn, àwọn méjèèjì á wọ gọ́gù tó bo ojú. Kọ́ọ̀kì kì í sọ ìgbà tó máa já, ìyẹn ni pé látìgbà tí ẹ bá ti fa pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ na ọrùn sórí rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, kódà kó dà bíi pé ó ti kú. Tẹ́ ẹ bá ti fà á tó ìgbà 30 tí kò lọ, ẹ tú rọ́bà lára pọ́ǹpù láti ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ jáde tán kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn. Tó bá sì ti gbéra, gbogbo wọn á máa wò ó, wọ́n á máa pariwo "Ó ń bọ̀!" títí tó fi máa kanlẹ̀, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ sá lọ gbá a mú lójú òfurufú.

Omi ló wá kàn, ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ má sọ iye omi fún wọn. Ẹ bi wọ́n pé omi mélòó ló máa jẹ́ kó ga jù, kẹ́ ẹ kọ ìdáhùn wọn sí pátákó. Pure water tí wọ́n kọ 50cl sí lára la fi ń wọ̀n ọ́n, kò sí ìwọ̀n tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀: láì fi omi sí i rárá, ààbọ̀ ọ̀rá, odidi ọ̀rá kan, ọ̀rá méjì, kí ike wá kún dẹ́nu. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kọ́ọ̀kì kan náà, omi nìkan lẹ̀ ń yí padà. Tẹ́ ẹ bá yí nǹkan méjì padà pa pọ̀ ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fìyẹn sọ́kàn dáadáa, òun ni sáyẹ́ǹsì gan-an, rọ́kẹ́ẹ̀tì kàn ń gbé e wá ni.

Lọ́dún tó kọjá ọmọbìnrin kan fi gbogbo ara jà fún ike tó kún. Ó ní ṣebí Àǹtí fúnra wọn ló sọ pé omi ló ń gbé e, kí omi pọ̀ ni kó lọ. Ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì tẹ̀ lé e. A rọ omi kún un, a fi kọ́ọ̀kì dí i, òun fúnra ẹ̀ ló fa pọ́ǹpù, kò tiẹ̀ fà á jìnnà tí kọ́ọ̀kì fi já, omi dà gbuu, ike sún díẹ̀ ó dúró. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀, ó lọ mú ike míì, ó rọ omi kún un, ó dé e, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ó mú òfìfo tó ní ìdérí, ó tún tẹ ìyẹn. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, omi ò ṣe é fún pọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ṣe é fún pọ̀." Mi ò fi nǹkan kan kún un, mo ní kó lọ kọ ọ́ sí pátákó bó ṣe sọ ọ́ yẹn.

Afẹ́fẹ́ ni sípíríǹgì, omi ni ẹrù tí sípíríǹgì ń jù. Láìsí omi, ike á kàn ta pàá kó já bọ́, torí afẹ́fẹ́ fúyẹ́, kò sí nǹkan tó wúwo tó ń jù nù. Tí omi bá kún, kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ tá a fẹ́ fún pọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ike ló máa ń dáa jù, ọ̀rá pure water kan nínú ike 1.5 lítà bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a pàdé fúnra wọn.

Láti mọ bó ṣe ga tó, ẹ lẹ sítírọ́ọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gígùn protractor, kẹ́ ẹ so òwú àti amọ̀ kékeré mọ́ àárín ẹ̀ kó máa rọ̀. Ọmọ kan á dúró ní mítà 20 sí rọ́kẹ́ẹ̀tì, á máa fi sítírọ́ọ̀ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, níbi tó bá ga dé jù á fi ìka di òwú mú. Ẹ yọ nọ́ńbà tí òwú wà nídìí ẹ̀ kúrò nínú 90. Tó bá jẹ́ 45 ló kù, ó ga tó mítà 20, tó bá jẹ́ 30, mítà 11 ààbọ̀, tó bá jẹ́ 60, ó lé ní mítà 34, kẹ́ ẹ wá fi gíga ojú ọmọ náà sí ilẹ̀ kún un. Ọmọ Primary ò nílò tangent kankan, kí wọ́n yà á sórí gíráàfù, sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà 2, kí wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ lo ọmọ mẹ́ta lójú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nọ́ńbà wọn ò ní dọ́gba, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e.

Tí wọ́n bá ti ní nọ́ńbà lọ́wọ́ tán ni mo máa ń sọ ti Robert Goddard fún wọn. March 16, 1926, ní Auburn, Massachusetts, ó yin rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó ń lo epo olómi. Sẹ́kọ́ǹdù 2 ààbọ̀ ló lò lókè, ó ga tó mítà 12 ààbọ̀, ó sì já sínú oko kábéèjì. Ẹgbẹ́ tí tiwọn bá ti kọjá mítà 12 ààbọ̀ máa ń fò sókè ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n á gbà gbọ́ tí mo bá sọ pé Nàìjíríà náà ti ní sátẹ́láìtì lókè rí, NigeriaSat-1, tí wọ́n gbé lọ láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní September 27, 2003, àti pé FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, náà lọ́wọ́ nínú sátẹ́láìtì NigeriaEduSat-1 tó lọ sókè ní 2017. October 4 sí 10 ni ọ̀sẹ̀ òfurufú lágbàáyé, ó bọ́ sínú táàmù àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, òjò ìparí ọdún nìkan lẹ máa ṣọ́.

Páráṣúùtì, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ó máa ń gba àkókò, kì í sábà ṣí, ó sì máa gba ojú wọn kúrò lára omi.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi bírò fa ìlà kan sára ike wọn fún gbogbo ìgbà tí wọ́n ti yìn ín. Tí ìlà bá pé mẹ́wàá, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ike náà sí méjì lójú wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e lọ sílé lọ yìn. Ẹ yọ fìlà àti ìyẹ́ fún wọn, ìyẹn ṣì máa wọ ike míì, ẹ sì gba kọ́ọ̀kì àti abẹ́rẹ́ padà lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kúrò ní pápá.